Ẹlẹ́rìí Méjì Lórí Ọmọ Mẹ́rin

Dókítà Raniga, tó bá bàálù àárọ̀ dé láti Suva, to ìgò ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin sórí tábìlì Sájẹ́ǹtì Kafoa, ó ń tò wọ́n jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ta ayò.

"Orúkọ ọmọ mẹ́rin ló wà lára wọn," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo fi orí mi búra, ara ọmọ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ yìí ti wá."

Sájẹ́ǹtì ò tíì gbé ojú sókè. Kókò sísè ló ń jẹ ní tirẹ̀. "Ta ló pín in sínú ìgò?"

"Nọ́ọ̀sì Torika."

Kókò dúró ní agbedeméjì abọ́ àti ẹnu. Èmi tí mo wà lẹ́yìn Dókítà, ilẹ̀ ni mò ń wò. Àbúrò ìyá mi ni Torika. Èmi gan-an ni mo sì fa ọ̀rọ̀ yìí jáde.

Láti ọdún Àjíǹde ni iṣẹ́ ìwádìí kan ti ń lọ ní erékùṣù Rotuma wa níbí. Ibà pọ́njú àwọn ọmọ tuntun ni à ń wádìí. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n. Bí ó bá pọ̀ kọjá ààlà, a máa gun ọpọlọ, ọmọ náà sì lè má gbọ́ràn tàbí kí ó má rìn títí ayé. Ẹ̀jẹ̀ la fi ń mọ iye rẹ̀, ní Suva, olú ìlú wa, nìkan sì ni ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ náà wà. Bàálù tó lọ Suva, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ni wọ́n bá fún wa ní ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bíi tọ́ọ̀ṣì, tí a ń gbé lé iwájú orí ọmọ, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí awọ ara, tó sì ń sọ iye lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí bá ti ẹ̀jẹ̀ mu, kí abẹ́rẹ́ lè yé gún ọmọ ọjọ́ méjì ní gìgísẹ̀.

Torika ló ń gún wọn, òun náà ló ń gbé ẹ̀rọ lé wọn lórí. Èmi, Fereti, tí mo ka ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì ní Suva, èmi ni mò ń kó iye wọn jọ.

Ọmọ mọ́kàndínlógún la ti wọ̀n. Ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bára mu rẹ́gí. Ti mẹ́rin ìkẹyìn, ẹ̀rọ ní wọ́n lé ní ọ̀ọ́dúnrún, ẹ̀jẹ̀ ní wọn ò tó ọgọ́rùn-ún. Mo fi ìdùnnú kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Dókítà Raniga bí ọmọdé tó gbọ́ àlọ́ tuntun. Kò wá sí mi lọ́kàn pé wọ́n lè tìtorí àlọ́ náà mú ẹnikẹ́ni.

"Aláàánú ni obìnrin yẹn," Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mo gbọ́ pé ó máa ń sunkún tó bá fẹ́ gún ọmọ. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan tí ara rẹ̀ le, ó pín in sí mẹ́rin. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ló sọ òótọ́, ọmọ mẹ́rin sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ní erékùṣù yìí. Aago mẹ́ta ni bàálù ń padà. Mò ń kó àwọn ọmọ náà àti ìyá wọn lọ." Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú àpò. "Èyí náà ń lọ. Tí mo bá ti fọwọ́ sí i, Torika ò ní ṣe nọ́ọ̀sì mọ́."

"Ẹ ò tíì fọwọ́ sí i?"

"Mo fẹ́ kí ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ná."

Sájẹ́ǹtì nu ọwọ́, ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò yín," ó ní. "Fereti, kúrò lórí ìdúró tó o wà yẹn, jẹ́ ká lọ."

*

Torika ń ká aṣọ ọmọ ní ọsibítù nígbà tí a wọlé. Ó wo Dókítà, ó wo èmi, ó wá gbé ojú rẹ̀ lé Sájẹ́ǹtì.

"Kafoa! Ìwọ tí mo fi eyín fa ẹ̀gún òkun yọ ní ìdí rẹ̀ nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, ìwọ lo wá bi mí bóyá ọ̀daràn ni mí?"

"Ìdí yẹn ò tíì gbàgbé oore rẹ," Sájẹ́ǹtì dáhùn. "Ṣùgbọ́n màá bi ọ́ náà. Ṣé o máa ń sunkún tó o bá fẹ́ gún ọmọ?"

"Mo máa ń sunkún."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo máa ń gún un."

Dókítà Raniga mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò jìnnà sí ọgọ́rin. Báwo ni ọmọ mẹ́rin ṣe máa jọra tó bẹ́ẹ̀?"

"Ọlọ́run ni kí ẹ bi. Èmi kọ́ ni mo dá wọn."

"Tí kò bá jẹ́ pé ẹ pín ẹ̀jẹ̀, á jẹ́ pé ẹ gbé e sí oòrùn nìyẹn. Oòrùn máa ń jẹ àwọ̀ yẹn run nínú ìgò. Bó ti wù kó jẹ́, àwọn ọmọ náà ń ṣàìsàn."

"Oòrùn?" Torika rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó kó àwọn àpò dúdú kéékèèké jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìka ọwọ́ lọ. "Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni mo gé tí mo fi rán wọn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń kúrò lọ́wọ́ mi ní ìhòòhò."

Ó yíjú sí mi. "Fereti, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìwọ lo kọ̀wé?"

"Iye lásán ni mo kọ, Àǹtí."

"Iye lásán." Ó padà sídìí aṣọ tó ń ká. Ì bá gbá mi létí, ì bá tún tù mí lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*

Sájẹ́ǹtì ní kí n tẹ Suva láago. Obìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé níbẹ̀, Mereoni, ló gbé e.

"Ìgò Rotuma? Àwọn tó máa ń wọ aṣọ àlùfáà yẹn?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìgò ibòmíràn ń dé bí ọmọ aláìníyàá, tiyín á wọṣọ dúdú dé bí ẹni ń bọ̀ wá ṣe ìwàásù."

"Àwọn mẹ́rin ọ̀hún náà?"

"Gbogbo wọn. Èmi ni mo bọ́ aṣọ lọ́rùn wọn."

"Bi í," Sájẹ́ǹtì sọ sí mi létí, "bóyá wọ́n yẹ oríṣìí ẹ̀jẹ̀ wò."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Oríṣìí O ni ìgò méjì, A ni ọ̀kan, B ni èyí tó kù.

Mo sọ ọ́ sókè. Dókítà gbé ìgò kan lọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ó lè gbà á lára ọmọ mẹ́ta tí ara wọn le, nígbà náà."

"Torika," Sájẹ́ǹtì ké, "ọmọ mélòó ni kò tíì pé ogójì ọjọ́ ní gbogbo Rotuma?"

"Méje. Mẹ́rin tí ẹ ń pariwo lé lórí, àti mẹ́ta mìíràn."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ ka gìgísẹ̀."

Iṣẹ́ ọlọ́pàá tó gba sùúrù jù tí mo rí rí nìyẹn. Ilé méje ló yẹ ká wọ̀ káàkiri erékùṣù nínú ọkọ̀ ọsibítù, tí a ń bẹ ìyá ọmọ pé kó jọ̀ọ́, kó tú ọmọ ká wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ku ilé kan kí a parí nígbà tí Sájẹ́ǹtì ti rí ohun tó ń wá. Àpá abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ló wà ní gìgísẹ̀ gbogbo ọmọ tí a wò. Kò sí ọmọ tí àpá rẹ̀ jẹ́ méjì, kò sì sí èyí tí kò ní.

"Ó gún gbogbo wọn," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré, pẹ̀lú omijé."

"Á jẹ́ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́," ni mo wí wéré, nítorí ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́ nìyẹn.

Dókítà mi orí. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé àwo funfun tí wọ́n fi ń dán an wò, ẹ̀rọ náà sì dáhùn dáadáa. Ó ti gbé e lé orí ọmọ mẹ́ta tó kù nínú ilé wọn, kò ju àádọ́rùn-ún lọ lórí ìkankan. Orí àwọn mẹ́rin tiwa ló dé tó ń pariwo ọ̀ọ́dúnrún.

Sájẹ́ǹtì ní kí awakọ̀ dúró lẹ́bàá òkun. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpáta, ó ń sọ òkúta wẹ́wẹ́ sínú omi. Aago mọ́kànlá kọjá. Mò ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Fereti, ìwọ ọmọ ìṣirò. Tí ẹlẹ́rìí méjì bá wá sí kóòtù, tí ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu, kí lo máa ṣe?"

"Màá wá èyí tó ń purọ́."

"Láti àárọ̀ la ti ń wá a. Ẹ̀jẹ̀ ò purọ́. Ẹ̀rọ ò purọ́." Ó sọ òkúta mìíràn. "Bí ẹlẹ́rìí méjì bá jẹ́ olóòótọ́, tí ọ̀rọ̀ wọn ò sì mu, ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ń sọ inú. Kí ni ẹ̀rọ ń sọ?"

"Awọ ara."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ni àwọn mẹ́rin yìí fi jọra tí ìyókù ò fi jọ wọ́n?"

Mo ti ro ìyẹn mọ́jú. Abúlé wọn yàtọ̀, omi tí wọ́n ń mu yàtọ̀, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì. "Àfi pé àkọ́bí ni gbogbo wọn."

Dókítà ta gìrì. "Àkọ́bí máa ń pọ́njú ju àbúrò lọ. Ọmú ìyá wọn kì í tètè sọ̀."

"Ṣé ọmú tí ò sọ̀ á fara pa mọ́ fún ẹ̀jẹ̀, kó wá yọjú sí ẹ̀rọ?" Sájẹ́ǹtì bi í. Ó yíjú sí mi. "Fereti, ṣé kò sí àkọ́bí nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́?"

Mo ṣí ìwé mi. "Mẹ́ta. Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ni wọ́n bí wọn. Ara wọn dá, lójú ẹ̀rọ àti lójú ẹ̀jẹ̀."

"Kí ló dé bá àkọ́bí Rotuma láti oṣù tó kọjá?" Ó dìde, ó gbọn yanrìn nù nídìí. "Ilé kan ṣì kù tí a ò tíì wọ̀."

*

Ilé Màmá Susau ni ilé tó kù náà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jieni, ló bí ọmọbìnrin kan ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fi fóònù bá awakọ̀ bàálù sọ̀rọ̀, ó ní kó fi àyè ìjókòó mẹ́rin sílẹ̀. Jieni gbọ́ ọ. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé òótọ́ ni pé ọmọ mi máa yadi?"

"Gbé e fún mi ná, ọmọ mi."

Ó yẹ gìgísẹ̀ wò. Àpá kan. Ó wá gbé ọmọ náà dúró ṣánṣán, ó yí ojú rẹ̀ sí fèrèsé. Ọmọ tuntun tí a bá gbé dúró bẹ́ẹ̀ máa ń lajú. Èyí là á, ó wo Sájẹ́ǹtì bí ẹni tó ń bi í pé ta ló pè é. Sájẹ́ǹtì wo ojú náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ìrọ̀rí kékeré tí wọ́n gbé ọmọ kúrò lórí rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó gbóòrùn rẹ̀.

"Màmá Susau, òórùn kí lèyí?"

"Òórùn ọmọ ni. Òórùn kí lo tún fẹ́ kó jẹ́?"

"Ìgbà wo lẹ ṣe é?"

"Oṣù tó kọjá. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó lágbára láti rin ín. Agbè kan ṣoṣo ló sì jáde. Ni mo bá ní àwọn àkọ́bí nìkan ni kí a máa fún, kó má tán."

Sájẹ́ǹtì sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀.

"Iwájú orí gan-an?" ó bi í.

"Iwájú orí gan-an, Màmá. Ẹ má ṣe ahun."

Nígbà tí a jáde, Sájẹ́ǹtì wò mí. "O rí i?"

"Kí ni?"

"Yunifásítì!" ó sọ, ó pòṣé, ó wọkọ̀.

*

Àwọn obìnrin ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù láti kí àlejò Suva káàbọ̀. Ẹja wà, iṣu wà, fekei aládùn wà nínú ewé. Dókítà Raniga ní òun ò lè jẹun nígbà tí ọmọ ń ṣàìsàn. Sájẹ́ǹtì ní tí kò bá jókòó, kò sí ìyá tó máa gbà kó gbé ọmọ òun wọ bàálù. Ó jókòó.

Wọ́n fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n da lọ́fínńdà sí i lára. Màmá Susau wá dìde pẹ̀lú agbè rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fi mena inú rẹ̀ kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àlejò náà, bí a ṣe ń ṣe fún ọkọ ìyàwó àti ẹni tí a bá fẹ́ yẹ́ sí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa iwájú orí Dókítà. Ó pa á, ó tún un pa, ó fi àtàǹpàkò rin ín wọlé.

"Màmá, ó tó," Dókítà bẹ̀bẹ̀.

"Kò tó. Orí ńlá lẹ ní."

"Ẹ máa pa á lọ, á fẹ́ ìyàwó kejì!" obìnrin kan ké. Gbogbo wọn hó yèè. Torika nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó lápá kan, ọwọ́ lórí itan.

Nígbà tó yá, Sájẹ́ǹtì mú Dókítà lọ sídìí omi ẹ̀rọ, ó fún un ní ọṣẹ. "Ẹ fọjú yín dáadáa. Kó mọ́." Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi aṣọ nù ún. Ojú rẹ̀ mọ́, tàbí kí n ní ó mọ́ lójú èmi tí wọ́n bí síbí.

"Torika, gbé ẹ̀rọ yẹn wá. Wọn Dókítà."

"Kí ló dé?" Dókítà bi í.

"Ìgbẹ́kẹ̀lé yín ló wà lára ẹ̀rọ yìí. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ yín náà."

Torika gbé e lé iwájú orí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tàn. Ó wo iye náà, ẹnu rẹ̀ là, kò sì pa dé.

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì," ni mo kà sókè.

"Yéè! Dókítà, ẹ tètè jókòó," Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ ò ní pẹ́ yadi. Fereti, pe awakọ̀ bàálù, kó fi àyè karùn-ún sílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì wá ká apá aṣọ Dókítà sókè, ó gbé ẹ̀rọ náà sí ibi tí ọwọ́ Màmá Susau kò dé. Ẹ̀rọ ní mẹ́tàdínlógún.

"Ata ilẹ̀ pupa ni mena," Sájẹ́ǹtì sọ jẹ́jẹ́. "Wọ́n rin ín, wọ́n sẹ́ ẹ sínú omi títí ìyẹ̀fun rẹ̀ á fi wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n wá pò ó mọ́ òróró àgbọn. Òróró náà ló ń gbé e wọnú awọ. Láti oṣù tó kọjá ni Màmá Susau ti ń pín in fún àwọn ìyá àkọ́bí, tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára láràárọ̀. Àwọn ìyá ń wẹ ọmọ dáadáa kí wọ́n tó gbé e wá sí ọsibítù. Ìyẹ̀fun ń lọ, àwọ̀ ń dúró. Ẹ̀rọ rí àwọ̀ ìyeyè lára ọmọ, ó sì sọ ohun tó rí. Ẹ̀jẹ̀ ò rí i, nítorí kò sí nínú rẹ̀."

Dókítà Raniga fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀. Ó rọra wò yíká, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi," ó ní, "àwọn ìyá mi fi ata ilẹ̀ pupa pa mí títí mo fi dà bí máńgòrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi ṣí." Ó bo ojú rẹ̀. "Èmi! Èmi ọmọ ará India, kí ata ilẹ̀ pupa máa kọjá níwájú mi kí n má mọ̀ ọ́n!"

"Ẹ ò tíì wo ojú ọmọ kankan látàárọ̀," Sájẹ́ǹtì dá a lóhùn. "Gìgísẹ̀ lẹ̀ ń wò. Kò sẹ́ni tó ń fi mena kun ẹyinjú."

Kíá ni Dókítà dìde. A ní ó tó, ó ní kò tó. Wọ́n gbé ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, ó wo ẹyinjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oòrùn, ó fi ìka tẹ èrìgì wọn, ó wo ìlédìí wọn. Jieni di ọwọ́ mi mú tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná rẹ̀ wọlé. Níkẹyìn Dókítà gbé ọmọ Jieni padà fún un.

"Ẹyinjú rẹ̀ funfun bí inú àgbọn. Ẹ máa gbé e lọ sílé."

Ìyá mẹ́rin ló ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá ìyá mẹ́rin ń jó. Dókítà yọ lẹ́tà náà nínú àpò, ó fà á ya sí méjì, ó tún fà á ya sí mẹ́rin. Ó wá lọ síwájú Torika, ó tẹrí ba.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo bínú ṣáájú kí n tó béèrè."

Torika ò tíì gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbóòrùn rẹ̀ lára wọn," ó ní. "Ojoojúmọ́. Ta ló máa kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹja inú omi tutù?" Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó ti di sí i láyà látàárọ̀.

Kí bàálù tó gbéra, Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kó tún gba ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun fi pa ẹnu gbogbo ayé mọ́. Ó sunkún, ó gún wọn, ó wọ aṣọ dúdú fún ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Dókítà Raniga tẹ ọsibítù láago. Mo fi ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa gbọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ wọn dé. Àádọ́rin, ọgọ́ta, àádọ́rin ó lé méjì, àádọ́ta. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n."

"A ti mọ̀," Sájẹ́ǹtì dáhùn. Ó wá kí Torika ni, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú abọ́ fekei. "Ojú yín ńkọ́?"

"Ìyàwó mi pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó wo ojú mi, ó ní ta ni mo lọ gbé níyàwó ní Rotuma."

Torika fi ẹ̀rín ṣubú lé tábìlì, ó ń fi ọwọ́ lù ú. Nígbà tó gba ara rẹ̀, ó nu omijé, ó fa ìwé tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó gbé e síwájú mi pẹ̀lú bírò.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ tó o mọ iye lásán kọ. Fi ìlà kan kún un, kó wà ṣáájú gbogbo iye rẹ."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: Ṣé wọ́n ti fi mena pa ọmọ yìí?

Ó kà á lẹ́yìn èjìká mi. Ó ti ìka rẹ̀ bọ inú agbè mena kékeré kan tí n kò mọ̀ pé ó wà lórí tábìlì, ó sì fà á gbọọrọ sí iwájú orí mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Kọ ìyẹn náà sílẹ̀."